Èènì Ìyá Jẹ́ẹ́

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Karùn-ún, 1978
Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí. Mi ò gba ìmọ̀ràn. Ti ọmọ ò, ti aládùúgbò ò, ti dókítà pàápàá ò. Ìwé kejì ni mo kà dé, ó tó mi í kọ èyí.

Ọ̀gá Fáìlì wá láti Àkúrẹ́ lánàá — Adérẹ̀mí, ọmọ bíbí mi, òṣìṣẹ́ ìjọba. Monínúọlá ọmọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ mi. Èéyi mú ọmọ náà nígbà ọyẹ́. Ara yá, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ ní etí ló ti dí. Ó ti wá ilé ìwé adití kan, ọ̀nà jíjìn, ibẹ̀ ni ọmọ yóò máa sùn. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ló ń bọ̀ wá mú un. Ọmọ ọdún márùn-ún! Mo ní kò síbi tí ó ń lọ nínú ulé mi. Ó ní, Màmá, ẹ jẹ́ ká gba ìmọ̀ràn àwọn tó mọ̀ ọ́n. Mo dìde, mo fi ọbẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9
Ìyá Jẹ́ẹ́ — orúkọ tí mo sọ ọmọ náà nìyẹn — kò jẹun dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 11
Mo pàtẹ ọjà sábẹ́ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Yanrìn ni gàrí. Òdòdó pupa tí mo gún ni ata. Agolo mílíìkì ni mo fi ń wọ̀n. Mo pe Kùdírátù, ọmọ Sàlámì télọ̀ — Asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Mo ṣòfin. Lọ́jà tèmi, a kì í náwó. Ọ̀rọ̀ tí ìdí rẹ̀ dún bíi ti ọjà tí o fẹ́ rà, òun ni owó. O fẹ́ gàrí? Sọ pé orí. O fẹ́ ata? Òkúta. Bí o bá sanwó, mo wọ̀n ọ́n, mo bu èènì lé e. Ọjà tí kò ní èènì, olè ni.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ń ké: Màmá, orí! Màmá, òkúta, ẹ jẹ́ kó kún o, ẹ má fi àtàǹpàkò dí agolo! Mo ní odó ńkọ́? Ó ní Adó! Ó gbé odó lọ bí ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ.

Ìyá Jẹ́ẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń wò.

Ọjọ́ Ẹtì, 12
Òjò. A kò tajà.

Ọjọ́ Ajé, 15
Kí n rọra kọ ọ́. Mo ké, ata rèé o! Ìyá Jẹ́ẹ́ dìde, ó lọ sẹ́yìn kànga, ó gbé òkúta wá. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Òkúta!

Mo ké gàrí. Ó fọwọ́ kan orí. Mo kọ ẹ̀yìn sí i pátápátá, mo wí jẹ́jẹ́ pé omi ńkọ́? Ó yí wá síwájú mi, ó fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀. Èmi.

Adití wo ló gbọ́ ìyẹn?

Mo bu èènì fún un. Inú bí Asọ̀rọ̀mágbèsì: kò sọ nǹkan kan, ẹ fún un léènì, ojúsàájú! Mo ní òkúta wúwo ju ọ̀rọ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 17
Sàlámì lọ ra òwú ní Àkúrẹ́. Mo ní kó bá mi rí Ọ̀gá Fáìlì, kó sọ pé ọmọ rẹ̀ ń gbọ́. Èsì tó mú bọ̀: ọmọ tó bá ń gbọ́ yóò sọ̀rọ̀. Òun kò ní fi eré abẹ́ máńgòrò ba ayé ọmọ òun jẹ́.

Eré.

Ọjọ́ Ẹtì, 19
Ìyá Jẹ́ẹ́ fẹ́ ra ewé. Ó lọ gbé ìwé wá — ìwé orin mi, ti ṣọ́ọ̀ṣì! Mo yára gbà á. Mo fún un ní ewé, mo bu èènì lé e. Ṣùgbọ́n ẹnu ò là.

Ọjọ́ Àìkú, 21
Mo gbàdúrà. Mi ò sọ fún pásítọ̀ ohun tí mo bèèrè.

Ọjọ́bọ̀, 25
Ọ̀túnla ni mọ́tò ń bọ̀. Ọkàn mi ò sí lọ́jà rárá. Ìyá Jẹ́ẹ́ fọwọ́ kan orí, mo wọn gàrí sínú igbá rẹ̀, mo ti yíjú sí Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹnìkan di ìró mi mú. Mo ní kí ló dé? Ó na igbá sí mi. Mo ní mo ti wọ̀n ọ́n, máa lọ. Ó fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ohùn kan wá jáde, ó há bíi ti àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ —

Èènì mi dà?

Asọ̀rọ̀mágbèsì dákẹ́. Kò dákẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Èènì mi dà, Màmá? Mo ti sanwó!

Gbogbo ọdún tí mo fi ta iyọ̀ ní Ọjà Ọba, mi ò gbàgbé èènì oníbàárà rí. Òní ni mo gbàgbé. Mo da gbogbo gàrí ọjà sínú igbá rẹ̀, ó kún, ó dà sílẹ̀, mo jókòó sínú yanrìn. Olúwa, o ṣeun. O ṣeun.

Ọjọ́ Ẹtì, 26
Ó ti ń sọ̀rọ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Orí ń fọ́ mi. Kó máa fọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27
Ọ̀gá Fáìlì dé, òun pẹ̀lú àpótí tuntun tó rà fún ọmọ. Mo nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá Jẹ́ẹ́ ló ń tajà. Ó ní, Dádì, kí lẹ fẹ́ rà? Ọkùnrin dúró bí òpó. Nígbà tó yá, ó ní gàrí. Ó yọ náírà. Ọmọ ní a kì í gba náírà níbí. Asọ̀rọ̀mágbèsì sọ ọ́ sí i létí: orí, Dádì, ẹ ní orí. Ó gbìyànjú, ohùn ò jáde. Ó jókòó sínú yanrìn tòun ti ṣòkòtò funfun, ó sunkún bí ìgbà tí mo já a lẹ́nu ọmú. Ọmọ wọn gàrí fún un, ó bu èènì lé e.

Ó gbé àpótí padà sínú mọ́tò. Ọmọ kò bá a lọ. Ara mi fúyẹ́. Mo jẹ iyán, mo jẹ àjẹkún.

Ṣùgbọ́n nígbà tó ń lọ, ó ní Màmá, ẹ ṣeun, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Bó ti ṣe nìyẹn lọ́jọ́ tó ti òkè òkun dé, lójú gbogbo àdúgbò — èmi tí mo bí i, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni pé a jọ ń ta pákó. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Nínú ilé yìí, a kò dákẹ́ mọ́.

Adérẹ̀mí, ìdọ̀bálẹ̀ mi dà? Wá san án. Kí àyà kan ilẹ̀.