Òdòdó Tí N Kò Kọ Orúkọ Sí

Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
Ìwó.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì, 2025.

Kòfowórọlá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí Jonathan ọmọ rẹ àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n gbà ọ́ sílé n'Íbàdàn. Mo lérò pé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́, pé o sì ń rí oorun sùn. Ara tèmi le, àfi ojú tí kò fẹ́ ka ìwé wínníwínní mọ́.

Ó yẹ kí n pè ọ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n orí fóònù ni mo ti purọ́ fún ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò sì fẹ́ gba ibẹ̀ tún un ṣe.

O bi mí pé nínú gbogbo òdòdó tí mò ń bá àwọn èèyàn tọ́jú, ṣé n kò mú ẹyọ kan lọ́jọ́ tí wọ́n sin Èyímofẹ́ ọmọ rẹ. Mo ní rárá. O ní, "Kò burú, Àtọ́kẹ́. Mo kàn ní kí n bèèrè ni." O wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bí ọyẹ́ ṣe rí n'Ìwó.

Iṣẹ́ òdòdó náà ò yí padà látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà. Wọ́n ń gbé ti ìgbéyàwó wá, ti ìkómọ, ti àwọn tó gboyè ní yunifásítì. Mo ń tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́, mo ń gbé búlọ́ọ̀kù lé e, mo ń pààrọ̀ ìwé náà lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹrin kó má baà bu. Tó bá ti gbẹ, mo ń kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i nísàlẹ̀, Habeeb tó ń ṣe férémù á sì fi gíláàsì bò ó. Ìyàwó tuntun kan gbé òdòdó onírọ́bà wá lóṣù tó kọjá pé kí n bá òun sọ ọ́ di gbígbẹ. Mo ní kó gbé e padà sílé, pé òdòdó yẹn ló máa sin gbogbo wa.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé mo mú ẹyọ kan. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Èyímofẹ́, ẹ̀yin òbí ò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, bí àṣà wa. Èmi tẹ̀lé àwọn tó lọ sin ín, kí ẹnì kan tó fẹ́ràn rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń rọ́ iyẹ̀pẹ̀, mo já òdòdó kan lára ohun tó hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè náà, mo fi sínú ìwé orin mi. Ó gbẹ dáadáa bíi ti àwọn yòókù. N kò kọ nǹkan kan sí i. Ó ti lo ọdún mẹ́ta nínú àpótí aṣọ mi.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, bàbá Àmúdà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, ní kí gbogbo wa ṣèlérí pé a ò ní jẹ́ kí o mọ ibi tí ọmọ náà wà. Wọ́n ní ìyá tó bá mọ̀ ọ́n kò ní yé lọ síbẹ̀. Mo gbà, torí mo rò pé ire rẹ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n òdòdó yìí ò hù níbòmíràn ní gbogbo agbègbè wa. Ìwọ náà ti já a rí nígbà tí a wà lọ́mọge. Bí o bá fojú kàn án, o ti mọ ibẹ̀ nìyẹn.

O sọ lórí fóònù pé wọ́n ti pín gbogbo ẹrù Èyímofẹ́, pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mò ń tọ́jú òdòdó fún ẹni tí n kò mọ̀ rí, mo wá fi tìrẹ pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Lóòótọ́ ni mo ṣèlérí, ṣùgbọ́n ìwọ lo bí i.

Àpòòwé kékeré kan wà nínú lẹ́tà yìí, mo ti lẹ̀ ẹ́ pa. Inú rẹ̀ ni òdòdó náà wà. Bí o kò bá fẹ́ mọ̀, fi rán Wùmí ọmọ mi tó mú lẹ́tà wá padà sí mi. N kò ní bi ọ́ ní nǹkan kan.

Olúwa yóò tù ọ́ nínú. Jonathan ni yóò gbẹ̀yìn rẹ, ojú rẹ kò sì ní rí irú ọ̀fọ̀ yìí mọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà èwe,
Àtọ́kẹ́.

Àfikún: Wùmí ò mọ ohun tó wà nínú àpòòwé náà. Bí o bá ṣí i, jọ̀ọ́, má dá lọ síbẹ̀. Yà sílé mi ná, ká jọ lọ. Láti ọjọ́ náà, èmi náà ò tíì lè padà débẹ̀.