Fóòmù Abẹ́ Páànù àti Oorun Bàbá Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọ̀nà kò ní nà ọ́, ilẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àlàáfíà ni a wà, àfi ọ̀rọ̀ fóòmù tí ń dènà ooru tí o fi ránṣẹ́.

Káfíńtà ti kàn án mọ́ abẹ́ páànù yàrá bàbá rẹ bí o ṣe wí, ooru sì sá lọ lóòótọ́. Bàbá rẹ tí kì í fojú kan oorun ń hanrun báyìí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìẹ fi ń sá kúrò lábẹ́ fèrèsé.

Tíṣà àdúgbò wa ka ìwé òyìnbó tó bá a wá fún wa. Ó ní a kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ níhòòhò, kí á bò ó kí iná má baà rí i. Mo ní èyí kò le. Mo rán aṣọ fèrèsé mẹ́ta pọ̀, káfíńtà fi ìṣó kàn án bò ó. Sítóófù tí mo fi ń se omi tíì bàbá rẹ nínú yàrá, mo yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Ojú kì í kúkú rí arẹwà kó má kì í.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bíríkìlà yà kí wa, ó wòkè, kò rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó mú àjákù fóòmù lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ṣáná sí i, ó ní kí n máa wò. Kó tó pa ẹnu dé, ó ti ń jó wòwò, ó ń kán sílẹ̀ bí ìda, èéfín rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní èéfín yẹn kì í jẹ́ kí èèyàn rántí ọ̀nà ìlẹ̀kùn. Ó ní aṣọ tí mo fi bò ó, ńṣe ni mo bu ọbẹ̀ sórí oúnjẹ iná.

Mo ní kí á tú u. Bàbá rẹ ní ẹni tó bá fẹ́ tú u, kó tú òun náà mọ́ ọn. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án lòun fi wá oorun, òun ò ní dá a padà fún ẹnikẹ́ni.

A ti ká aṣọ kúrò, sítóófù ti wà lábẹ́ igi lẹ́yìnkùlé, àtùpà kò wọ yàrá mọ́. Bíríkìlà ní pátákó àjà tí iná kì í tètè mú ni kí á fi bò ó, méjìlá, kó má ku ihò kankan. Jọ̀wọ́ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má fi í sínú fóònù o. Fóònù wa kì í pẹ́ kú, n kò fẹ́ kí owó bá a kú. Fi rán awakọ̀ tó gbé fóòmù wá.

Bí o ṣe wá oorun fún bàbá rẹ, ọmọ tìrẹ náà yóò wá tìrẹ. Iná kò ní mọ ilé rẹ.

Bàbá rẹ ì bá kí ọ, ó ń sùn. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ ìwé yìí, korobá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tètè ṣe é, ọrùn ti ń dùn mí.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń wòkè.