Kò sí kòkòrò lábẹ́ òkúta

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Mo yí òkúta mẹ́sàn-án lódò orí òkè láàárọ̀, mi ò sì rí kòkòrò kan ṣoṣo lábẹ́ wọn.

Ojoojúmọ́ ni mo máa ń wò wọ́n kí n tó pọnmi. Ara wọn pẹlẹbẹ bíi hóró ẹ̀gúsí, èékánná ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n sì fi ń dì mọ́ òkúta. Àgbàrá tó gbé afárá onípákó lọ lọ́dún tó kọjá kò rí wọn gbé. Òjò ò sì rọ̀ lánàá.

Màmá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́. "Ṣé kòkòrò lo fẹ́ máa mu ni? Omi ti mọ́ nìyẹn." Wọ́n bu ife kan mu nínú omi tí mo pọn.

Lọ́sàn-án, Ẹ̀gbọ́n Ràṣídì, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá mi, gbé abọ́ ẹja ńlá kan wá fún wa. Mo bi wọ́n pé irú àwọ̀n wo ni wọ́n fi pa á.

"Àwọ̀n kẹ̀? Ìwọ ṣáà gbé e kaná, oníbéèrè."

Òórùn oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó ló ń jáde lára aṣọ wọn. Inú odò ni wọ́n da oògùn náà sí láti fi pa ẹja.

Mo gbẹ́lẹ̀, mo sin ẹja náà. Inú ti ń run Màmá láti ìgbà ìrun Àsárì, wọ́n ní oòrùn oko ni. Mo ti pe ọlọ́kadà kó gbé wa lọ sílé ìwòsàn, ó ní òun ṣì wà ní Ìmàṣàyí.

Mo ti da gbogbo omi ìkòkò nù. Ife kan tí Màmá mu yẹn nìkan ni mi ò rí dà.