Ìbọn Tí Uncle Soldier Ò Lè Yìn

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Ojú ṣì ń tì mí. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ti tò sórí ìlà ní páàkì, wọ́n ń retí kí n yìnbọn kí wọ́n lè máa sáré. Ìbọn ariwo lásán ni, kò lọ́ta nínú. Àlòkù ni Pásítọ̀ rà á, èmi ni wọ́n sì gbé e fún, torí Uncle Soldier ni gbogbo wọn ń pè mí.

Mo fa tírígà, kò mì. Mo tún fà á, kò mì síbẹ̀.

Mummy Dúpẹ́, tó ṣe tíṣà eré ìje nílé kó tó wá sí ìlú òyìnbó níbí, rọra gbà á lọ́wọ́ mi. "Ó le ni. Ìka méjì la fi ń fa irú ẹ̀." Ó fà á, ó dún gbàù.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ní, "Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ kúrò ní army ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mi ò ṣe sójà rí; ìrẹsì ni mo máa ń sè fún wọn ní bárékè. Òní ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìbọn.

Bí mo ṣe ń lọ wọ bọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin tó gbégbá orókè ṣe sàlúùtù fún mi. Mo dúró ṣánṣán, mo dá a padà.