Ọkọ̀ Tí Ẹ Ń Dárúkọ Nínú Àdúrà

Ẹ kú ilé o, Yèyé mi. Kò sí ọkọ̀ òfurufú kankan tó já pẹ̀lú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Amẹ́ríkà, mo sì kí ẹ̀gbọ́n mi Táyọ̀ tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo ní kó kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, kí gbogbo ará Ìfisìn ìlú wa lè gbọ́.

Táyọ̀ ní ẹni tó bá wa gba fọ́tò mi ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́ rí ọkọ̀ tí kò ní imú, ó rí mi níwájú rẹ̀, ó sì pariwo. Kí fọ́tò náà tó dé ilé, mo ti kú. Àwọn kan tilẹ̀ ti wá bá yín dárò. Yèyé mi, gígé ni wọ́n gé ọkọ̀ yẹn.

Iṣẹ́ tí mo wá ṣe nínú aṣálẹ̀ yìí nìyẹn. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ni wọ́n ń kó wá fún wa. Epo tí wọ́n ń mu ti pọ̀ jù, èrò kò sì kún inú wọn mọ́. Àwọn tó ni wọ́n fẹ́ràn èyí tó kéré, ẹlẹ́ńjìnnì méjì. Ọkọ̀ ńlá á fò wá fúnra rẹ̀, á balẹ̀, wọ́n á pa á, ó parí. A ó tú àga rẹ̀, a ó sì fi ayùn gé ìyókù. Òjò kì í sábà rọ̀ níbí. Kò dà bí ilé tí irin ti ń dípẹtà. Dídán ni wọ́n ń dán títí ayùn fi dé.

Ẹ rántí lẹ́tà mi àkọ́kọ́. Mo kọ àmì tí wọ́n kùn sí ìrù ọkọ̀ tó gbé mi wá síbí: K, B, R. Táyọ̀ kọ́ yín títí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀ ń dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ ń ní kí Ọlọ́run pa K, B, R mọ́, torí ohun tó gbé ọmọ yín lọ ni yóò gbé e padà wá. Àwọn akọrin ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ ń bá àdúrà yín lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, K, B, R ló balẹ̀.

Mo wọ inú rẹ̀ lọ wo àga mi, ìkẹyìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ àkàrà tí ẹ dì fún mi, torí mo rò pé títà ni wọ́n ń ta oúnjẹ wọn.

Ọ̀gá ní kí n mú ayùn. Mo ní n kò ní gé e. Ó ní irin lásán ni. Mo ní ìyá mi kì í gbàdúrà fún irin lásán. Ó ní ẹni tí kò bá gé e kó máa lọ. Kofi ará Gánà gbé ayùn tirẹ̀ sílẹ̀. Bàbá tó ń wa kírénì sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kẹta dúró tì mí, ẹnì kẹrin tún dé. Ọ̀gá wá ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n pé kí ni ọmọ wọn máa jẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n padà sídìí iṣẹ́, mo sì dẹ́kun kíkà wọ́n. N kò bínú sí wọn. Kofi ń sunkún nígbà tó mú ayùn padà.

Òun náà ló ya fọ́tò yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ rí ọkọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan. N kò kọ nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀bi mi nìyẹn.

Wọ́n ti lé mi. Mò ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ kan báyìí. Kò sí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. N kò mọ ìgbà tí n ó wálé, n kò sì ní purọ́ fún yín.

Ọlọ́run á dá yín sí dè mí. Ẹ bá mi kí ará ilé àti ará oko, kí ẹ kí àwọn akọrin pẹ̀lú. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, tí ẹ bá dìde, ẹ má dárúkọ ọkọ̀ yẹn mọ́. Orúkọ tèmi ni kí ẹ pè.

Èmi ọmọ yín tó wà láàyè,
Dáre