Ìkúnlẹ̀ tí Mo Kúnlẹ̀ ní Savannah

Ìṣẹ́gun, 26 Ọ́gọ́ọ̀sì 1986
Ó ti di lílọ. Èmi, Kàfá àti Tinúkẹ́, Savannah, ìparí ọ̀sẹ̀ yìí. Mọ́ńdè jẹ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀gá nọ́ọ̀sì ti yọ̀ǹda wa. Ọkọ̀ Kàfá la máa gbé. Tinúkẹ́ rò pé ìlú àtijọ́ la fẹ́ lọ wò. Chicago níbí ni wọ́n bí i, ó ní òun ò tíì dé Gúúsù orílẹ̀-èdè yìí rí. Kàfá nìkan ló mọ òótọ́: ìyá àgbà Gọ̀gọ̀rọ̀ ń gbé níbẹ̀, mo sì fẹ́ kó rí mi.

Gọ̀gọ̀rọ̀ – inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò eegun ló ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù wa. Adúláwọ̀ ará ibí ni, ó sì ti gba Ìsìláàmù kí n tó mọ̀ ọ́n. Ó ní òun fẹ́ fi mí ṣaya. Èmi náà fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà yìí ló tọ́ ọ dàgbà, ohun tí ìyá bá kọ̀, kò ní ṣe é. Ọ̀gá tiẹ̀ ò fún un láyè, àwa nìkan la ń lọ.

Jímọ̀, 29 Ọ́gọ́ọ̀sì
Lójú ọ̀nà. Kàfá ń kọrin bí ẹni tí kò ní ìṣòro.

Sátidé, 30 Ọ́gọ́ọ̀sì
A dé. Ìdí ń ro mí. Ìlú yìí rẹwà, kí n má purọ́. Igi ńláńlá, nǹkan rọ̀ lára wọn bí irùngbọ̀n àfáà. Òdòdó lójú fèrèsé gbogbo. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri nawọ́ sí etí odò, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já àwọn ẹrú sílẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi. Ó tún nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ta áísìkiriìmù tó dáa jù. Ohùn kan náà ló fi sọ méjèèjì. Tinúkẹ́ ní òun ò fẹ́ áísìkiriìmù mọ́. Èmi lá tèmi tán. Ṣé ó burú? Mi ò mọ̀.

Sọ́ńdè, 31 Ọ́gọ́ọ̀sì
Mo ba nǹkan jẹ́, mi ò sì mọ ohun tí mo ṣe gan-an.

Màmá Stella ni wọ́n ń pe ìyá àgbà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àkẹtẹ̀ ńlá lórí. Àwọn aládùúgbò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, wọ́n ń wò wá. Bí mo ṣe rí i báyìí, orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀. Mi ò tiẹ̀ rò ó. Kàfá náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn mi. Tinúkẹ́ kàn tẹ̀ díẹ̀.

Ojú ìyá yí padà. Ó ní kí n dìde nílẹ̀ ilé òun kíákíá. Ó ní orí orúnkún ni ìyá òun lo ayé ẹ̀, tó ń nu ilẹ̀ ilé àwọn òyìnbó, ọmọ dúdú kankan ò ní kúnlẹ̀ níwájú òun. Mo ní bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa nìyẹn. Ó ní ibí kì í ṣe ilé wa. Ó fún wa ní adìẹ díndín àti tíì tútù, kò wojú mi mọ́. Tinúkẹ́ ló ń bá ṣeré. Tinúkẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n kí.

Ní Ìwó, bí mi ò bá kúnlẹ̀, wọ́n á ní wọn ò kọ́ mi nílé. Mo kúnlẹ̀, ó di ẹ̀ṣẹ̀. Kí ni kí n ti ṣe?

Mọ́ńdè, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà
À ń padà bọ̀. Inú ń bí Kàfá jù mí lọ. Ó ní ọ̀wọ̀ la bù fún obìnrin yẹn, a ò bú u. Tinúkẹ́ ní ohun tí màmá sọ yé òun. Kàfá ní kí ló fẹ́ yé ọmọ òyìnbó bíi tiẹ̀. Ni wọn ò bá bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi kọjá Indiana. Èmi ní àárín, mi ò mọ ẹni tí màá gbè.

Alàmísì, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà
Gọ̀gọ̀rọ̀ wá bá mi níbi tí a ti ń jẹun. Ìyá ti pè é. Ìyá ní ọmọ dáadáa ni mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun pé mi ò mọ iyì ara mi. Èmi Sìmíátù. Mo rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́.

Ni mo bá sọ èyí tí mo ti ń fi pamọ́. Pé òun náà máa dọ̀bálẹ̀ fún Bọ̀ọ̀dá Àmínù, àbúrò bàbá mi tó wà ní Aurora nítòsí ibí. Bàbá mi ti ní ẹni tí Bọ̀ọ̀dá bá gbà ni òun gbà, Bọ̀ọ̀dá ò sì ní gba ẹni tó bá na ọwọ́ láti fi kí òun. Gọ̀gọ̀rọ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní Ọlọ́run nìkan ni òun ń fi orí balẹ̀ fún. Mo ní kì í ṣe ìjọsìn, ìkíni lásán ni. Ó ní bí mo ṣe sọ fún ìyá òun náà nìyẹn. Ó fi oúnjẹ sílẹ̀ lọ.

Mọ́ńdè, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà
Kò pè.

Alàmísì, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà
Ó pè. Ó ní òun á wá sí Aurora lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Kò sọ ohun tí òun máa ṣe. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n bi í.

Sọ́ńdè, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà
Bọ̀ọ̀dá wà lórí àga ẹ̀. Gọ̀gọ̀rọ̀ wọlé, ó bọ́ kóòtù, ó ká a, ó gbé e sílẹ̀. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àyà, ikùn, gbogbo ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Inú Bọ̀ọ̀dá dùn, ó ti ń lanu láti ṣàdúà fún un.

Ohun tí mo ń fẹ́ rèé. Kí ló wá ṣe mí? Mo rí ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, mi ò lè wò ó. Mo dìde, mo di apá ẹ̀ mú, mo fà á sókè kí àdúà tó jáde lẹ́nu Bọ̀ọ̀dá.

Bọ̀ọ̀dá bi mí bóyá àṣà ilé wa ló ń tì mí lójú. Mo ní rárá o, òótọ́ sì ni. Ó ní kí ló wá dé. Mo mú kóòtù Gọ̀gọ̀rọ̀ nílẹ̀. Ó ní ká máa lọ, kí n padà wá nígbà tí ọ̀rọ̀ ara mi bá yé mi.

A wọ Chicago. Gọ̀gọ̀rọ̀ ní ọ̀dọ̀ Gàníyù, ọkọ Kàfá, ni òun ti lọ kọ́ ìdọ̀bálẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun ò lè ṣe é, òun jókòó sílẹ̀, òun sunkún. Ó bi mí bóyá òun ṣì í ṣe ni. Mo ní ó ṣe é dáadáa. Ó ní nǹkan tí òun ò fún ẹnikẹ́ni rí ni òun gbé wá fún mi, kí ló dé tí mo kọ̀ ọ́?

Ojú tí Màmá Stella fi wò mí nílẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn. Ó já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò pa ọkọ̀.