Ìdọ̀bálẹ̀ Tí A Ṣe fún Ọ̀gá Rẹ Nínú Fóònù

Agboolé Akíndèjì,
Ìkirè.
Ọjọ́ Ajé.

Kẹ́misọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iná wà, ṣé omi ń yọ, ṣé ìlẹ̀kùn ibi tí o ń gbé ṣì ń tì dáadáa? Gbogbo rẹ̀ ni mo bi ọ́ léèrè lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ gbẹ̀yìn, ohun tí etí bàbá kò bá sì gbọ́, ọkàn rẹ̀ ni yóò máa ro ó sí burúkú. Ilẹ̀ Èkó kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá kọ, ojú rere ni wọn yóò fi kà á. Oúnjẹ tí o bá jẹ kò ní dí ọ lọ́fun, mo sì fẹ́ kí o máa jẹun kí ilẹ̀ tó ṣú nítorí inú kíkùn. Àmín.

Ilé dára. Ara ìyá rẹ le, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló máa ń ro ó bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ó sì ti di pé àwọn aládùúgbò ń wá bi í léèrè kí wọ́n tó sá aṣọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pọ̀ lọ́dún yìí, èyí tó ń wá láti Ìkòyí tiwa níbí tóbi bí apá ọmọdé, dòdò tí ìyá rẹ ń dín sì ń tà lójú títì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni èmi ń lò. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá n kò rántí bóyá mo ti lo ti àárọ̀, mo bá lo òmíràn, ìgbà tí mo wá rántí pé mo ti lò ó tẹ́lẹ̀, mo jókòó sójú kan títí di ọ̀sán láti wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìparí rẹ̀ nìkan ni o bá, o kò mọ bí a ṣe dé ibẹ̀.

Mùnírátù tó ń tún fóònù ṣe ní ọ̀kánkán ilé wa ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, Bàbá, ẹ wá wo ọmọ yín, ó wà nínú fídíò. Mo rí ọ lórí pèpéle ní Èkó, wáyà tín-ín-rín kan lẹ́bàá ẹnu rẹ bí eṣinṣin tó bà tí kò fẹ́ lọ. Àwọn tó jókòó níwájú rẹ lé ní ọ̀ọ́dúnrún, àgbàlagbà sì ni wọ́n, síbẹ̀ gbogbo wọn so páálí mọ́ ọrùn tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí, bí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n ń kó lọ wo kìnnìún. Mo bi Mùnírátù bóyá wọ́n máa ń sọnù. Ó ní rárá o, àpérò àwọn tó ń kọ kóòdù ni, kóòdù sì ni ohun tí ẹ máa ń kọ fún kọ̀ǹpútà kí ó lè mọ ohun tí yóò ṣe. Inú mi dùn. Akọ̀wé ni èmi náà nígbà ayé mi, mo ní ọmọ ti jogún bàbá.

Ìgbà tí o la ẹnu ni ìdààmú mi bẹ̀rẹ̀. O ní ìwọ Kẹ́misọ́lá, ìwọ lo ba ìkànnì ilé-iṣẹ́ yín jẹ́, èyí tí àwọn èrò fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò. O ní ọjọ́ Ẹtì kan ni o yí ìlà kan padà nínú ohun tí o kọ, kí o tó mọ̀, gbogbo ẹni tó bá sanwó ni ìkànnì ń fún ní àga keje. Ènìyàn mọ́kànlélógójì, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń lọ sí Ìlọrin, gbogbo wọn lórí àga keje! Mo fi ọwọ́ lé orí. Mo ń retí kí o wí àwíjàre díẹ̀, kí o ní ara rẹ kò yá lọ́jọ́ náà. O kò wí i. O kò tilẹ̀ sọ pé iṣẹ́ èṣù ni. O ní ìwọ ni, o sì tún fi ìlà náà hàn wọ́n lára aṣọ funfun ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ, àwọn ènìyàn náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Mo ní kí Mùnírátù dá a padà kí n tún ojú wọn wò dáadáa, bóyá mo lè mọ èwo nínú wọn ló fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ.

Lẹ́yìn náà lo ṣàlàyé bí o ṣe tún un ṣe. Èyí yé mi. O ní bí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kan àga kan nínú ìkànnì náà, àga náà á tì títí yóò fi sanwó, ẹlòmíràn kò ní rí i mú. Ohun tí à ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, bí ènìyàn bá ti fi fìlà rẹ̀ lé àga, kò sí ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ mọ́. Ọgbọ́n gidi ni. Àfi bí o ṣe wá ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó máa mú ọgbọ́n náà lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí ló dun ìyá rẹ jù. O mọ̀ pé bó bá ti kan ká po ata pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ó tó dín in, ó máa ń wá iṣẹ́ rán gbogbo ará ilé jáde ni, ìyàwó àbúrò mi Àlàbá ti lo ogún ọdún nínú ilé yìí, omi pípọn ni wọ́n ń rán an lọ títí di òní. Ó ní òun fi inú ara òun bí ọ, o wá lọ gbé ìkòkò fún ará ọjà.

Ṣùgbọ́n ti iṣẹ́ rẹ ni mò ń rò ní tèmi. Ọ̀gá wo ni yóò gbọ́ irú ìjẹ́wọ́ yẹn tí kò ní ní kí ènìyàn máa lọ ilé? Bí ọmọ bá sì ṣẹ̀, kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀, àgbà ni í ṣáájú rẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Apomu lọ bá ọ̀rẹ́ mi Fábáyọ̀, ẹni tó máa ń fún ọ ní orógbó tí o máa ń tu dànù. N kò tíì sọ ọ́ tán tó ti dìde lọ wọ agbádá. Ó ní ìgbà wo ni a ń lọ sí Èkó? Mùnírátù ní a kò nílò kí a lọ sí Èkó, nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ yín wà nísàlẹ̀ fídíò náà, òun yóò pè é lọ́nà tí a ó fi máa rí ara wa.

A tẹ́ ẹní sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì pénpé ló gbé e, kò ní irùngbọ̀n, mo ní kí ó jọ̀wọ́ bá wa pe ọ̀gá rẹ̀. Ó ní òun Adémúyìwá ni ọ̀gá. Kí ó tó sọ ọ́ tán a ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mùnírátù ń pariwo pé, Ẹ̀yin bàbá, kò rí yín mọ́ o, òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi ló ń rí! Ó bá gbé fóònù náà sílẹ̀ síwájú wa. Fábáyọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, ó ní bí ọmọ bá ṣu sí ènìyàn nítan, omi ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, wọn kì í fi àdá gé itan sọnù. Ọ̀gá rẹ ní ta ló ṣu? Lẹ́yìn náà ló figbe ta pé, Ẹ gbà mí o, àwọn bàbá kan ti ṣubú! Àwọn òṣìṣẹ́ sì sáré wá kún ojú fóònù, mo sì rí ojú rẹ láàárín wọn, o fi ọwọ́ méjèèjì bò ó.

Ìgbà tó yé ọ̀gá rẹ pé ẹ̀bẹ̀ ni a wá bẹ̀, òun náà dọ̀bálẹ̀, ó ní kí àwọn bàbá òun má fi ìdọ̀bálẹ̀ gégùn-ún fún òun. Ó wá di pé àwa méjì wà nílẹ̀ ní Ìkirè, òun wà nílẹ̀ ní Èkó, kò sì sí ẹni tó ń rí ẹnì kejì mọ́. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Ó ní o kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, pé bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú iṣẹ́ yín, wọ́n máa ń kọ bó ṣe bàjẹ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n, àwọn gan-an ló rán ọ lọ sọ ọ́. Ó ní láti ìgbà tí o ti sọ ọ́, àwọn mẹ́rin mìíràn ti wá jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n bà jẹ́ tí wọ́n fi pa mọ́. Ó ní ọgbọ́n fìlà orí àga yẹn ti dé Kẹ́ńyà, ó ti dé Bùràsíìlì, ẹnì kan níbẹ̀ ló sì rí i pé bí ẹni tó fi fìlà sílẹ̀ bá lọ tí kò padà mọ́, àga á wà ní títì títí ayé. Ẹni náà bá fi kún un pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí fìlà máa já bọ́, ó sì dá a padà fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ó dà bí ẹni tó yá ọkọ́ tó sì pọ́n ọn kí ó tó dá a padà. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ará Bùràsíìlì kì í ta dòdò lójú títì Ìkirè.

Láti ọjọ́ náà ni o kò ti pè mí. Mo pè ọ́ nígbà mẹ́tàlá. Mùnírátù ní o sọ fún òun pé ojú ló ń tì ọ́, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń dọ̀bálẹ̀ kí ọ láràárọ̀ nínú ọ́fíìsì. Mo bi í bí ẹ̀yin ṣe máa ń kọ ìwé àṣìṣe yín yẹn, ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ni ẹ máa ń kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn rẹ̀ ohun tó fà á, lẹ́yìn rẹ̀ ohun tí ẹ ó ṣe kó má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo wá fẹ́ kọ tèmi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èmi Titus Akíndèjì, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, lọ bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí kò ṣẹ̀, mo sì dójú tì í níbi iṣẹ́ rẹ̀. N kò bi í léèrè kí n tó ṣe é. Kì í ṣe Fábáyọ̀, kì í sì í ṣe Mùnírátù. Èmi ni.

Ohun tó fà á, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ìyá rẹ pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1979, èmi àti Fábáyọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkó-kòkó-sí kan ní Apomu, kò sí ilé náà mọ́ báyìí. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ àmì sára àpò tí kòkó rẹ̀ bá ti gbẹ. Lọ́jọ́ kan mo kánjú, mo kọ àmì gbígbẹ sára ogún àpò tí kò tíì gbẹ, wọ́n kó wọn ti àwọn tó dára, gbogbo rẹ̀ sì bu. Ọ̀gá wa béèrè ẹni tó ṣe é. Mo dákẹ́. Ọwọ́ Fábáyọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́jọ́ náà, wọ́n ní òun ni, wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn fún ọdún méjì. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí wọn. Èmi ni mo dúró ní ipò rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ, tí mo gbé ọmọ náà lọ́wọ́, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé irú ọ̀rẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n.

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi àṣìṣe gbé ènìyàn kúrò nílé, yóò máa bẹ̀rù àṣìṣe títí tí yóò fi darúgbó. Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré dọ̀bálẹ̀.

Ohun tí n ó ṣe kó má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́ ni pé n kò ní pe ọ́fíìsì yín mọ́, kódà bí mo bá gbọ́ orúkọ rẹ nínú rédíò. Ìwọ ni n ó kọ́kọ́ bi. Bí o kò bá sì gbé e, n ó kọ̀wé, n ó sì ní sùúrù.

Ṣùgbọ́n ti Fábáyọ̀ wà nílẹ̀. Mo lọ sí Apomu lánàá láti lọ sọ ọ́ fún un. Ó gbé àga fún mi, ó ní ẹ̀bẹ̀ tí a lọ bẹ̀ ńkọ́, ṣé ọmọ wa ti dúpẹ́? Mo bi í léèrè bí iṣu rẹ̀ ṣe ń ta, mo jẹ àgbàdo tó fún mi, mo padà wálé.

Nítorí ohun tó wà nínú lẹ́tà yìí ni n kò ṣe jẹ́ kí Mùnírátù yà á ní fọ́tò, awakọ̀ ni mo fi rán. Bí o bá rí owó díẹ̀, ti oògùn mi àti ti ìkòkò ìdíndòdò ìyá rẹ, fi lé mi lọ́wọ́, má fi sínú fóònù o. Èyí tí o fi ránṣẹ́ níjọ́sí, Mùnírátù ní ó ti wọlé, mo tú ẹ̀yìn fóònù wò, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀.

Àgbà ló yẹ kó ṣáájú mi lọ bá Fábáyọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó dàgbà jù mí lọ ti kú tán. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó ti dúró níwájú ènìyàn tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí títí dé ìparí. Jọ̀wọ́, wálé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí a jọ lọ. Má kúnlẹ̀, má sọ nǹkan kan, ẹnu mi ni n ó fi sọ ọ́. Ṣáà jókòó tì mí, bí o bá sì rí i pé mo tún fẹ́ béèrè iṣu, kí o fọwọ́ kàn mí.

Ọlọ́run yóò sìn ọ́ dé ilé láyọ̀. Ọ̀nà rẹ kò ní dí. Ọmọ tí ìwọ náà yóò bí kò ní bẹ̀rù láti wá sọ fún ọ pé òun ló ṣe é.

Bàbá rẹ,
Titus Akíndèjì.